Wọ́n Gé Àpòlúkù Mi Kù: Ibo ni Ebi Lọ?

Ìbéèrè mẹ́ta ni àwọn èèyàn máa ń bi mí nípa iṣẹ́ abẹ tí mo ṣe láti dín sísanra kù. Àkọ́kọ́: ṣé ó dùn ẹ́ gan-an? Ìkejì: èló ni? Ìkẹta kì í jáde lẹ́nu wọn, ojú wọn ni mo ti máa ń kà á: ṣé o ò kàn lè pa ẹnu ẹ mọ́ ni? Torí ìkẹta yìí ni mo ṣe jókòó kọ èyí. Ìdáhùn rẹ̀ wà nínú ẹ̀jẹ̀ àti nínú ọpọlọ, ó sì pẹ́ kí n tó pàdé ẹni tó ṣàlàyé ẹ̀ fún mi.

London ni mò ń gbé. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn arúgbó ni mò ń ṣe, iṣẹ́ alẹ́ ló sì pọ̀ jù níbẹ̀. Nígbà tí dókítà àdúgbò wa kọ lẹ́tà nípa mi sí ilé ìwòsàn, kílò 121 ni mo wọ̀n, mo sì ga ní mítà 1.65. Tí ẹ bá fi gíga yẹn sọ ara rẹ̀ di púpọ̀, tí ẹ wá fi èyí tí ẹ rí pín kílò náà, ohun tí wọ́n ń pè ní BMI nìyẹn. Tèmi jẹ́ 44. Mo ní àtọ̀gbẹ, mo ní ẹ̀jẹ̀ ríru, máṣíìnì ni mo sì fi ń mí lóru torí pé ọ̀nà ọ̀fun mi máa ń pa dé tí mo bá sùn. Bàbá mi náà ní àtọ̀gbẹ. Ìka ẹsẹ̀ méjì ni wọ́n kọ́kọ́ gé fún wọn ní Ìbàdàn, lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n gé ẹsẹ̀ náà lábẹ́ orúnkún. Wọn ò pé ẹni ọdún 63 tí wọ́n fi kú. Ẹni ọdún 46 ni mí nígbà tí lẹ́tà yẹn jáde. Ìṣirò yẹn ò le.

Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, NHS máa ń gbé ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ yìí yẹ̀ wò fún ẹni tí BMI rẹ̀ bá tó 40, tàbí 35 tí àìsàn bí àtọ̀gbẹ bá wà ńbẹ̀. Nǹkan kan wà nínú ìlànà náà tí ọ̀pọ̀ nínú àwa èèyàn wa níbí ò mọ̀. NICE, àjọ tó ń gbé ìlànà ìtọ́jú kalẹ̀, ní kí wọ́n yọ 2.5 kúrò nínú nọ́ńbà yẹn fún àwa tí ìdílé wa ti Áfíríkà wá, àti àwọn ará Caribbean àti Éṣíà pẹ̀lú. Ìdí ni pé àtọ̀gbẹ àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ máa ń mú wa ní ìwọ̀n tí kò tíì mú òyìnbó. Tí dókítà yín ò bá dárúkọ ẹ̀, ẹ bèèrè o.

Kì í ṣe ọjọ́ kan ni wọ́n gbé mi sórí tábìlì. Ọdún méjì gbáko ni. Mo rí àwọn onímọ̀ oúnjẹ, mo rí onímọ̀ nípa ìrònú ọkàn tó ń bi mí pé ìgbà wo ni mo máa ń jẹun láìjẹ́ pé ebi ń pa mí. (Láago mẹ́rin òru, níbi iṣẹ́, ni mo sọ fún un. Bísíkíìtì.) Kí n tó débẹ̀ rárá, mo ti gbìyànjú ìjẹun onírúurú tó ẹ̀ẹ̀mẹfà. Mo jẹ ẹ̀wà láìsí epo, mo jẹ ewé bí ewúrẹ́, mo gba ààwẹ̀ tí wòlíì kankan ò pè. Lẹ́ẹ̀kan, kílò 19 ló bọ́ lára mi. Ọdún kan ààbọ̀ lẹ́yìn ìyẹn, kílò 19 yẹn padà wálé, ó sì mú àlejò mẹ́rin dání.

Onímọ̀ oúnjẹ kan, obìnrin jẹ́ẹ́jẹ́ kan báyìí, ló yàwòrán ẹ̀ fún mi sórí bébà. Àpòlúkù ni àpò tí oúnjẹ máa ń bọ́ sí tí a bá gbé e mì; tó bá jẹ́ ti màlúù ni, inú ọbẹ̀ la ti máa bá a, ṣàkì la ó sì máa pè é. Àmọ́ kì í ṣe àpò lásán. Ó ń ránṣẹ́. Ní 1999, Masayasu Kojima àti Kenji Kangawa pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ní Japan rí họ́mọ́ọ̀nù kan tí àpòlúkù ń tú sínú ẹ̀jẹ̀, wọ́n sì sọ ọ́ ní ghrelin. Tí àpòlúkù bá ṣófo, ghrelin á gòkè, á dé ọpọlọ, á ní ká wá nǹkan jẹ. Tí a bá jẹun tán, á rọlẹ̀. Ọ̀rá ara náà ní ìránṣẹ́ tirẹ̀, leptin, tí Jeffrey Friedman àti àwọn èèyàn rẹ̀ ní New York rí ní 1994. Iṣẹ́ tí leptin ń jẹ́ fún ọpọlọ ni pé nǹkan ṣì wà nínú àká.

Wàyí o, tí ẹni tó sanra bá fi ìjẹun dín ara kù, ọ̀rá dín kù, leptin náà á dín kù, ọpọlọ á wá rò pé ìyàn ti mú. Ọpọlọ ò mọ̀ pé èèyàn ń gbìyànjú láti má gé ẹsẹ̀. Ní 2011, àwọn oníwàádìí ní Melbourne, ní Ọsirélíà, gbé àbájáde ìwádìí kan jáde tí wọ́n fi èèyàn 50 bẹ̀rẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́wàá ni wọ́n fi jẹ oúnjẹ táṣẹ́rẹ́. Nígbà tó pé ọdún kan, ghrelin wọn ṣì ga ju bó ṣe wà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ lọ, ebi sì ń pa wọ́n ju ti àtẹ̀yìnwá. Ọdún kan gbáko! Mo ní kí obìnrin náà tún un sọ. Gbogbo ọdún tí wọ́n ti ń pè mí ní ọ̀jẹun, tí èmi náà ń bá wọn pè é, àpòlúkù mi ló ń pariwo, ìwà mi kọ́.

Oríṣi iṣẹ́ abẹ méjì ló wọ́pọ̀. Gastric bypass ni ọ̀kan, Edward Mason ló bẹ̀rẹ̀ ẹ̀ ní Iowa, ní Amẹ́ríkà, ní 1966: wọ́n á ya àpò kékeré kan sọ́tọ̀ lókè àpòlúkù, wọ́n á sì so ó mọ́ ìfun nísàlẹ̀. Tèmi ni sleeve gastrectomy. Wọ́n á gé bíi ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin àpòlúkù, tàbí jù bẹ́ẹ̀ díẹ̀, wọ́n á gbé e jáde pátápátá. Èyí tó kù á rí tẹ́ẹ́rẹ́ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Wọn ò fa ọ̀rá kankan o, bí àwọn kan ṣe rò. Apá òkè àpòlúkù tí wọ́n gé dànù yẹn ni ghrelin ti ń jáde jù. Wọ́n gé àpò, wọ́n sì gé lára ohùn rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì ṣáájú, mílíìkì, yọ́gọ́ọ̀tì àti omi ọbẹ̀ ni mo ń mu, bíi kálórì 800 lójúmọ́. Ẹ̀dọ̀ ló fà á. Ẹ̀dọ̀ jókòó lé àpòlúkù lórí, tí ọ̀rá bá sì kún inú rẹ̀, á wú, á dí oníṣẹ́ abẹ lọ́nà. Ọjọ́ 14 yẹn á jẹ́ kó fọn. Wọ́n tún oògùn àtọ̀gbẹ mi tò kí ṣúgà má bàa já lójijì. Ẹ má ṣe dá irú ẹ̀ dán wò nílé.

Iṣẹ́ abẹ fúnra ẹ̀, mi ò mọ nǹkan kan níbẹ̀, oògùn akunnilóorun ti gbé mi lọ. Ihò kéékèèké márùn-ún ni wọ́n lu. Wọ́n fẹ́ gáàsì carbon dioxide sínú ikùn mi kí àyè lè wà fún kámẹ́rà. Ohun tó yà mí lẹ́nu ni pé nígbà tí mo jí, èjìká ló ń dùn mí ju ikùn lọ. Gáàsì tó ṣẹ́ kù máa ń yọ iṣan tó la àyà àti ikùn láàárín lẹ́nu, iṣan ìmọ̀lára rẹ̀ sì ti ọrùn sọ̀kalẹ̀ wá, ni ọpọlọ bá ń rò pé èjìká ló ń ké. Wọ́n ní kí n dìde rìn lálẹ́ ọjọ́ yẹn gan-an, wọ́n sì ń gún mi lábẹ́rẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ má bàa dì sí mi lẹ́sẹ̀.

Ọjọ́ kẹta, mo jí láago méje àárọ̀. Mo dùbúlẹ̀, mò ń retí nǹkan kan tí mi ò mọ orúkọ ẹ̀. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé ebi ni. Láti kékeré, òun ló máa ń kọ́kọ́ kí mi káàárọ̀. Ó ti lọ.

Ṣúgà mi náà ti ń rọlẹ̀ kí ara mi tó fúyẹ́ rárá. Ní 1995, Walter Pories àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní North Carolina ròyìn irú ẹ̀ lára àwọn tó ṣe bypass: láàárín ọjọ́ díẹ̀ péré, ṣúgà ọ̀pọ̀ nínú wọn ti wálẹ̀. Lára ohun tó fà á ni pé oúnjẹ ń yára dé inú ìfun, ìfun á wá tú họ́mọ́ọ̀nù mìíràn jáde, GLP-1, tó ń ta ara jí láti ṣe ínsúlíìnì, tó sì ń sọ fún ọpọlọ pé ó tó. GLP-1 yìí kan náà ni àwọn abẹ́rẹ́ tuntun bíi semaglutide ń ṣe àfarawé. Wọ́n ń ṣiṣẹ́ dáadáa, àmọ́ tí èèyàn bá dá wọn dúró, èyí tó pọ̀ nínú kílò náà máa ń padà.

Omi ọbẹ̀ ni fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn ẹ̀ ni oúnjẹ lílọ̀. Mọ́ínmọ́ín ló gbà mí là: ó rọ̀, pùròtéènì sì wà nínú ẹ̀. Ẹ̀bà àti iyán ò rí ọ̀nà gbà, ńṣe ni wọ́n máa ń lẹ̀ mọ́ àyà bí ẹni fi àtẹ́lẹwọ́ dí ihò. Mi ò gbọ́dọ̀ mu omi mọ́ oúnjẹ, ó di ìdajì wákàtí lẹ́yìn ẹ̀. Ẹ gbìyànjú ìyẹn níbi ọbẹ̀ ata.

Ojú àwọn èèyàn ló wá le jù. Lọ́dọ̀ tiwa, ẹni tó sanra ni ayé ń yẹ. Ẹni tó bá rù, wọ́n á máa wò ó láti ẹsẹ̀ dé orí. Níbi òde ìyàwó kan, obìnrin kan tẹ nọ́ńbà wòlíì sí mi lọ́wọ́. Màámi rí mi lórí fóònù láti Ìbàdàn, wọ́n pariwo: “Àdùkẹ́, kí ló dé tí ọrùn ẹ rí báyìí? Kí lò ń fi pamọ́ fún mi?” Mo ṣàlàyé fún wọn.

Wọ́n ní, “Ṣé torí kí wọ́n má bàa gé ẹsẹ̀ ẹ lo ṣe ní kí wọ́n gé ikùn?”

Mo ní, “Bẹ́ẹ̀ ni, mà.”

Wọ́n dákẹ́. Ó pẹ́ díẹ̀, wọ́n ní kí ni mo jẹ lónìí.

Mi ò ní tan yín. Ikú lórí iṣẹ́ abẹ yìí ò tó ẹnì kan nínú 1,000 nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, àmọ́ ojú rírán lè jò, òkúta lè dì sínú àpò òróòro tí èèyàn bá yára rù, omi kíkan sì máa ń ru sókè sí ọ̀nà ọ̀fun mi di òní. Ní oṣù kẹrin, irun mi ń jábọ́ sínú kóòmù. Ó hù padà. Àpòlúkù tó kéré ò lè ran ara lọ́wọ́ tó láti gba fítámínì B12, torí náà abẹ́rẹ́ B12 àti oògùn fítámínì wà fún mi títí ayé.

Ọdún kẹta nìyí. Kílò 84 ni mo sọ̀kalẹ̀ dé, 88 ni mo wà báyìí. Ebi ti padà, ohùn rẹ̀ kàn lọ sílẹ̀ ni; bísíkíìtì aago mẹ́rin òru ò sì sí lára ohun tí wọ́n gé, èmi àti ẹ̀ ṣì ń bá a fà á. HbA1c mi, tó ń sọ bí ṣúgà ṣe rí láti oṣù méjì sí mẹ́ta, ti kúrò ní 74 bọ́ sí 41, mi ò sì lo metformin mọ́. Dókítà ò ní àtọ̀gbẹ náà ti lọ o. Tó bá wà lábẹ́ 48 fún oṣù mẹ́ta láìsí oògùn, wọ́n máa ń ní ó ti rọlẹ̀ ni, wọ́n á sì máa ṣọ́ ọ. Mo ti dá máṣíìnì òru padà. Oṣù tó ń bọ̀ ni wọ́n tún máa fa ẹ̀jẹ̀ mi. Áyọ́ọ̀nù inú ẹ̀ kéré lẹ́ẹ̀kan tó kọjá, ni mo ṣe ń lo oògùn rẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, jìnnà sí tíì, torí tíì kì í jẹ́ kí ara gbà á.