Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́: Ìṣẹ́jú Mẹ́rin Lókè, Ọwọ́ Dérébà Nílẹ̀

"Ó ku ẹnì kan, ó ń lọ!" Agbèrò gáréèjì Owódé ní Ọ̀yọ́ ti ń pariwo yìí tipẹ́, bẹ́ẹ̀ àyè méjì ṣì ṣófo lẹ́yìn. Ìyá kan gbé agbọ̀n lé itan. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ń lọ sí LAUTECH, yunifásítì Ògbómọ̀ṣọ́, fi báàgì ṣe ìrọ̀rí. Dérébà fẹ̀yìn ti ilẹ̀kùn, ó ń jẹ ẹ̀pà. Ìgbà tí ọkọ̀ bá kún ni àsìkò tó.

Bí ẹyẹ bá fò tààrà láti Ọ̀yọ́ dé Ògbómọ̀ṣọ́, kò ní fò tó kìlómítà 50. Bàálù tó ń sá 800 kìlómítà ní wákàtí kan yóò ti dé kí ìṣẹ́jú mẹ́rin tó pé. Àmọ́ kò sí pápákọ̀ òfurufú ní Ọ̀yọ́, kò sì sí ní Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó bá ní àfi kóun fò yóò kọ́kọ́ wọ mọ́tò lọ sí pápákọ̀ Alákìà ní Ìbàdàn, ìrìn bíi 50 kìlómítà. Yóò fò lọ sí Èkó tàbí Àbújá, yóò tún fò lọ sí Ìlọrin, yóò wá wọ mọ́tò padà sí Ògbómọ̀ṣọ́, bíi 50 kìlómítà mìíràn. Ìrìn mọ́tò nìkan ti di ìlọ́po méjì ọ̀nà tó ń sá fún! Èyí tó tún pani lẹ́rìn-ín ni pé orúkọ Samuel Ládòkè Akíntọ́lá, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́, ni ìjọba àpapọ̀ fi sọ pápákọ̀ Ìbàdàn ní 2023. Rélùwéè náà kò yà sọ́dọ̀ wa: Òṣogbo àti Ọ̀fà ló gbà lọ sí Ìlọrin.

Ọkọ̀ kún níkẹyìn, a gbéra. A ò tíì jìnnà sílùú tí tírélà fi bẹ̀rẹ̀ sí í tò níwájú wa. Níbi tí ọ̀dà ti bó, dérébà yà bàrá sọ́wọ́ àwọn tó ń bọ̀.

"Dérébà, rọra o! A kì í ṣe ẹrù."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, Mọ́mì. Mo mọ gbogbo kòtò ibí lórúkọ."

Ní Odò-Ọbà, gbogbo wa tún dúró: tírélà kan ló dábùú ọ̀nà. Àwọn ọlọ́jà ti gbé omi tútù dé ojú fèrèsé. Ìrìn yìí lè gba wákàtí kan, ó sì lè gba méjì.

Bí a ṣe dúró, mo rántí pé ìrìn àwọn baba wa sọ́dọ̀ Aláàfin, ọba Ọ̀yọ́, tilẹ̀ ti yí padà rí. Kí Ọ̀yọ́ Ilé tó tú ní àwọn ọdún 1830, àríwá ni ará Ògbómọ̀ṣọ́ ń kọjú sí. Ìgbà tí Aláàfin Àtìbà tẹ Ọ̀yọ́ tuntun dó ní Àgọ́-Ọjà ló di gúúsù.

Nígbà tí a dé Tákíè ní Ògbómọ̀ṣọ́, ọmọ LAUTECH bọ́ sílẹ̀. Agbèrò mìíràn ń ké "Ìlọrin! Ìlọrin!" Ọkùnrin kan ti àpótí onítáyà dé, bàálù Èkó ló ń lọ bá. Àkókò tí yóò lò nínú mọ́tò kò ní kéré sí èyí tí yóò lò lófurufú. Orí títì ni ìrìn bàálù tiwa ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọ̀nà ọlọ́nà-méjì tuntun láti Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́, kìlómítà 52, ti wọ́ nílẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Kí ẹnikẹ́ni tó ṣèlérí pápákọ̀ òfurufú fún wa, ẹ bá wa parí ìyẹn ná.