Kámẹ́rà Tí Kò Dára Ló Bí Fíltà

Lóde àríyá lónìí, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi gbọ́ ọ: "Ẹ dúró ná, ẹ jẹ́ kí n tún un ṣe kí n tó fi ránṣẹ́ sí yín." Ẹni tó ń sọ̀rọ̀ ti ya fótò tán, ó ti tẹ orí ba fóònù. Ó ń fi ìmọ́lẹ̀ kún ojú ìyá ìyàwó, ó sì ń gé apá ẹni tó ṣèèṣì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ kúrò. Àwọn àgbà kan á ní irọ́ ni, pé fótò kò ṣeé gbà gbọ́ mọ́. Èmi kò bá wọn lọ síbẹ̀. Bí a bá tọpasẹ̀ àṣà yìí dé orírun rẹ̀, ẹ̀tàn kọ́ la ó bá níbẹ̀. Kámẹ́rà tí kò dára la ó bá.

Ní ọjọ́ 11 oṣù Kẹfà ọdún 1997, ìyàwó Philippe Kahn ń rọbí ní ilé ìwòsàn kan ní Santa Cruz, ní ìpínlẹ̀ California. Ọmọ ilẹ̀ Faransé ni Kahn, iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ló ń ṣe. Kámẹ́rà Casio kékeré kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, fóònù Motorola StarTAC wà níbẹ̀, kọ̀ǹpútà àgbélétan náà sì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí ohun tó so mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pọ̀. Níbi tí ọkọ mìíràn ì bá ti máa lọ sókè sódò, ńṣe ló jókòó tó ń so wáyà mọ́ wáyà, tó ń kọ ìlànà tí fóònù yóò fi gba àwòrán lọ́wọ́ kámẹ́rà. Nígbà tí Sophie wá sáyé, bàbá rẹ̀ yà á, ó sì fi fótò náà ránṣẹ́ sí èèyàn tó lé ní 2,000 lójú ẹsẹ̀. Ìkómọ tó gba orí fóònù nìyẹn, kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń jẹ́ WhatsApp.

Lẹ́yìn ọdún mẹ́ta, ní oṣù Kọkànlá ọdún 2000, ilé iṣẹ́ J-Phone gbé Sharp J-SH04 jáde ní Japan, pẹ̀lú kámẹ́rà tí wọ́n kàn mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Àwọn tóótòòtó tó para pọ̀ di àwòrán, èyí tí wọ́n ń pè ní pixel, kò ju 110,000 lọ lórí rẹ̀. Mílíọ̀nù ni wọ́n fi ń ka ti smartphone tí owó rẹ̀ kéré jù lọ ní Computer Village ní Ìkẹjà lónìí. Àwa ní tiwa kò tíì dé ibẹ̀ rárá: oṣù Kẹjọ ọdún 2001 ni GSM wọ Nàìjíríà, kí ìpè ṣáà lọ ni àdúrà wa. Kódà nígbà tí iPhone àkọ́kọ́ jáde ní ọdún 2007, mílíọ̀nù méjì péré ni pixel rẹ̀. Kò ní fíláàṣì, kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń sún lẹ́ńsì mọ́ ohun tó wà nítòsí. Ẹni tó bá fi í ya fótò lálẹ́, òkùnkùn ló yà.

Nínú àìtó yẹn ni ọgbọ́n ti wá. Ní ìparí ọdún 2009, áàpù kan tí wọ́n ń pè ní Hipstamatic dé. Kò gbìyànjú láti mú fótò fóònù dára. Ńṣe ló tún bà á jẹ́ sí i, àmọ́ ó bà á jẹ́ lọ́nà tí ojú ti mọ̀: ó fi dúdú yí igun rẹ̀ ká, ó jẹ́ kí àwọ̀ ràn bíi ti fótò àtijọ́ tó ti pẹ́ nínú álíbọ́ọ̀mù. Bí fótò yóò bá burú, kó kúkú burú bí èyí tí a fẹ́ràn. Damon Winter, ayàwòrán New York Times tó ti gba ẹ̀bùn Pulitzer ní ọdún 2009, gbé e lọ bá àwọn ọmọ ogun Amẹ́ríkà ní àríwá Afghanistan. Fótò tó fi yà bọ́ sí ojú ewé àkọ́kọ́ ìwé ìròyìn náà ní oṣù Kọkànlá ọdún 2010. Nígbà tó sì gba ipò kẹta nínú ìdíje Pictures of the Year International lọ́dún tó tẹ̀ lé e, ariwo ta láàárín àwọn akẹgbẹ́ rẹ̀ pé áàpù ló ṣiṣẹ́, kì í ṣe Winter. Èsì rẹ̀ ni pé ara tu àwọn ọmọ ogun náà níwájú fóònù, torí pé fóònù ni àwọn fúnra wọn fi ń ya ara wọn. Lójú tèmi, èsì yẹn tó.

Ìtàn Instagram ni gbogbo ayé gbọ́, ṣùgbọ́n owó rẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń sọ. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni ti olùkọ́ kan ní ìlú Florence, ní Ítálì. Kevin Systrom, akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Stanford, lọ kọ́ nípa fótò yíyà níbẹ̀, ó sì gbé kámẹ́rà olówó ńlá dání. Olùkọ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó fún un ní Holga, kámẹ́rà oníke tí lẹ́ńsì rẹ̀ pàápàá jẹ́ ike, tí ìmọ́lẹ̀ máa ń jò wọ inú rẹ̀, tí fótò rẹ̀ sì máa ń ní igun mẹ́rin tó dọ́gba. Ó fẹ́ kó kọ́ bí èèyàn ṣe ń fi ohun tí kò pé ṣe ohun tó wuni. Ní ọdún bíi márùn-ún lẹ́yìn náà, Systrom àti Mike Krieger, ọmọ Brazil tó wá láti São Paulo, ṣe áàpù kan tó ń jẹ́ Burbn, níbi tí èèyàn ti lè sọ ibi tó wà fún ọ̀rẹ́ rẹ̀. Kò tà. Fótò inú rẹ̀ nìkan ni àwọn èèyàn ń lò, ni wọ́n bá gé gbogbo ìyókù dànù, ohun tó kù sì di Instagram.

Ní àárín ọdún 2010, Systrom àti ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ ń rìn létí òkun ní Todos Santos, ní Mexico. Ọmọbìnrin náà sọ fún un láìfi bọpo bọyọ̀ pé òun kò ní lo áàpù náà, torí fótò òun kò lè dára tó ti ọ̀rẹ́ wọn kan. Systrom ní kò sí àṣírí níbẹ̀, fíltà tó ń yí àwọ̀ fótò padà ni ọ̀rẹ́ náà ń lò. Ọmọbìnrin náà dá a lóhùn pé á dára kí ó fi fíltà sí i nígbà náà. Ní ọjọ́ yẹn gan-an ló jókòó ti kọ̀ǹpútà, fíltà tó ṣe ló pè ní X-Pro II. Fótò àkọ́kọ́ tó gbé síta, ní ọjọ́ 16 oṣù Keje, kò ní nǹkan bàbàrà kan nínú: ajá kan nítòsí ibi tí wọ́n ti ń ta taco, àti ẹsẹ̀ ọ̀rẹ́bìnrin rẹ̀ nínú sálúbàtà tó yọ ní igun. Igun mẹ́rin tó dọ́gba náà sì ti Florence wá.

Ẹ tún wo ọgbọ́n inú Instagram. Íntánẹ́ẹ̀tì orí fóònù ń wọ́ lásìkò yẹn, wọ́n wá dín fótò kù sí pixel 612 ní ìbú àti ní òró. Fíltà bo bó ṣe kéré tó. Bí ẹ bá sì ti ń kọ ọ̀rọ̀ sábẹ́ fótò, áàpù náà ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi í ránṣẹ́ láìsọ fún yín. Nígbà tí ẹ bá fi kọ ọ́ tán, fótò ti dé. Èèyàn 25,000 ló gbà á ní ọjọ́ 6 oṣù Kẹwàá ọdún 2010 tó jáde. Ní oṣù Kẹrin ọdún 2012, Facebook kéde pé òun yóò rà á ní bílíọ̀nù kan dọ́là. Òṣìṣẹ́ mẹ́tàlá ló wà níbẹ̀.

Ti pé kí èèyàn máa ya fótò lójoojúmọ́, bí a ti ń fi fóònù ṣe báyìí, ìyẹn ti wà kí fóònù tó bá a. Jamie Livingston, ará New York, bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 31 oṣù Kẹta ọdún 1979, nígbà tó ṣì wà ní ilé ìwé gíga Bard. Kámẹ́rà Polaroid ló ń lò, èyí tí fótò rẹ̀ máa ń jáde lójú ẹsẹ̀. Òfin kan ṣoṣo ló fi lélẹ̀ fún ara rẹ̀: fótò kan lóòjọ́, èyí tó bá yọ ni yóò gbà. Oúnjẹ wà nínú wọn, ọ̀rẹ́ wà, òrùka ìgbéyàwó wà, bẹ́ẹ̀ náà ni bẹ́ẹ̀dì ilé ìwòsàn. Ó yà á títí di ọjọ́ 25 oṣù Kẹwàá ọdún 1997, ọjọ́ tó pé ọmọ ọdún 41, tí kókó inú ọpọlọ sì pa á. Fótò tó lé ní 6,000 ló fi sílẹ̀. Fíìmù Polaroid kì í ṣe ohun ọ̀pọ̀, owó ló ń jẹ, ìdí nìyẹn tí irú èèyàn bẹ́ẹ̀ fi ṣọ̀wọ́n. Fóònù sọ ọ́ di ọ̀fẹ́.

Ní ilẹ̀ Áfíríkà, ọ̀fẹ́ yẹn ṣe ohun tí àwọn oníròyìn kò rò. Ní ọdún 2012, Peter DiCampo àti Austin Merrill, ọmọ Amẹ́ríkà méjì, lọ kọ ìròyìn nípa ohun tí rògbòdìyàn ìdìbò fi sílẹ̀ ní Côte d'Ivoire. Ìbànújẹ́ ni iṣẹ́ tí wọ́n gbé dání, ṣùgbọ́n ohun tí ojú wọn ń rí jákèjádò ọjọ́ kì í ṣe ìbànújẹ́ nìkan. Wọ́n bá ń fi fóònù ya ti èèyàn tó ń lọ síbi iṣẹ́, ọmọdé tó ń ṣeré, ẹni tó ń tajà. Ibẹ̀ ni Everyday Africa ti bẹ̀rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn ayàwòrán ilẹ̀ Áfíríkà fi darapọ̀ mọ́ wọn, Andrew Esiebo láti Èkó wà lára wọn.

Lẹ́yìn tí Instagram jáde, ohun tó kù ni àtúnṣe gidi, kì í ṣe fíltà tó ń da àwọ̀ kan náà bo gbogbo fótò. Snapseed, tó jáde ní ọdún 2011, wà lára àwọn tó mú ìyẹn wọ fóònù. Ilé iṣẹ́ Nik Software ló ṣe é. Google ra ilé iṣẹ́ náà lọ́dún kejì, ó sì sọ áàpù náà di ọ̀fẹ́. Ẹ wo bí ẹni tó mọ̀ ọ́n lò ṣe ń ṣe. Ó ya ọ̀rẹ́ rẹ̀ lábẹ́ àtíbàbà lọ́sàn-án gangan. Òde funfun báláú lẹ́yìn ọ̀rẹ́ náà, ojú rẹ̀ sì ṣú. Ó ṣí irinṣẹ́ tí wọ́n ń pè ní Selective, ó fi ìka kan ẹ̀rẹ̀kẹ́ ọ̀rẹ́ rẹ̀, àmì róbótó bọ́ síbẹ̀. Ó fi ìka méjì fún un pọ̀ títí tí agbára àmì náà kò fi kọjá ojú. Ó wá rọra fa ìka sọ́wọ́ ọ̀tún: ojú ń mọ́ bọ̀, gèlè kò yí padà, òde tó wà lẹ́yìn kò yí padà. Nígbà kan, inú yàrá dúdú ni irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti ń wáyé, pẹ̀lú páálí tí wọ́n gé tí wọ́n fi ń ṣíji bo apá kan ìwé fótò.

Kí ẹnikẹ́ni má sì sọ pé òkèèrè ni wọ́n ti kó àtúnṣe fótò wá bá wa. Stephen Sprague, ọmọ Amẹ́ríkà tó wádìí iṣẹ́ àwọn ayàwòrán Yorùbá, kọ ohun tó rí sínú ìwé ìròyìn African Arts ní ọdún 1978. Ní Ìlá Ọ̀ràngún, bí ọ̀kan nínú ìbejì bá kú kí wọ́n tó ya wọ́n pọ̀, èyí tó kù ni wọ́n ń gbé lọ sọ́dọ̀ ayàwòrán. Yóò yà á, yóò tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀mejì sórí ìwé kan, àwọn méjèèjì yóò sì jókòó ti ara wọn. Bí wọ́n bá jẹ́ ọkùnrin àti obìnrin, wọn á ya èyí tó kù nínú aṣọ ọkùnrin, wọn á tún yà á nínú aṣọ obìnrin. Ta ni yóò pe ìyẹn ní irọ́? Ìyá àwọn ọmọ náà mọ ohun tó wà nínú fótò rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ.

Ní tòótọ́, àtúnṣe pọn dandan fún wa ju ẹlòmíràn lọ, torí àwọ̀ ara wa kò sí lọ́kàn àwọn tó ṣe fíìmù. Káàdì tí àwọn ilé ìtẹ̀fótò fi ń díwọ̀n àwọ̀, tí Kodak ń pín kiri, obìnrin aláwọ̀ funfun ló wà lórí rẹ̀. Wọ́n ń pè é ní Shirley, orúkọ òṣìṣẹ́ Kodak tí wọ́n kọ́kọ́ yà. Bí Shirley bá ti dára, wọ́n gbà pé fótò dára nìyẹn. Ẹ fi adúláwọ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ aláwọ̀ funfun nínú fótò kan náà, eyín àti ẹyinjú adúláwọ̀ nìkan ni ẹ ó rí. Ìgbà tí àwọn oníṣokoléètì àti àwọn tó ń ṣe àga onígi figbe ta pé ọjà àwọn kò hàn dáadáa ni Kodak tó wá nǹkan ṣe sí i. Mo ka èyí, mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà korò.

Kámẹ́rà fóònù jogún àléébù yẹn. Transsion, ilé iṣẹ́ ilẹ̀ China tó ń ṣe Tecno, Infinix àti itel, kọjú sí ọjà Áfíríkà láti ọdún 2008, ó sì rí àyè níbẹ̀. Àwọn ẹnjiníà rẹ̀ kó fótò àwọn adúláwọ̀ jọ, wọ́n kọ́ kámẹ́rà láti fi ojú àti eyín mọ ibi tí orí wà nínú òkùnkùn, kó sì jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ tó wọlé pọ̀ sí i. Ọdún 2021 ni Google tó gbé Real Tone jáde pẹ̀lú Pixel 6 nítorí ọ̀ràn kan náà.

Lónìí, àtúnṣe kì í dúró de ìka ẹnikẹ́ni mọ́. Bí ẹ bá tẹ bọ́tìnnì lẹ́ẹ̀kan lórí fóònù tó ní HDR+, fótò bíi mélòó kan ló yà, ó sì ti pa wọ́n pọ̀ di ẹyọ kan kí ẹ tó rí i. Ẹni tó bá sọ pé òun kò lo fíltà, ti ọwọ́ ara rẹ̀ ló ń sọ. Ìyẹn kò bí mi nínú. Èyí tí mi ò fara mọ́ ni irinṣẹ́ ẹwà tó ń sọ imú di tẹ́ẹ́rẹ́, tó ń bó àwọ̀, tó sì ti wà ní títàn lórí ọ̀pọ̀ fóònù kí a tó rà á. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 2020, Google kéde pé pípa ni tirẹ̀ yóò máa wà lórí Pixel, kí ẹni tó bá fẹ́ ẹ tàn án fúnra rẹ̀, wọ́n sì ní àwọn kò ní fi ọ̀rọ̀ ẹwà ṣàpèjúwe rẹ̀. Ní ti fóònù tó wà lọ́wọ́ yín, ẹ yí kámẹ́rà sí ojú ara yín, ẹ wá àmì ojú kékeré tó sábà máa ń wà lẹ́bàá bọ́tìnnì. Bí nọ́ńbà tí ẹ bá bá nídìí rẹ̀ kì í bá ṣe òdo, tí kì í sì í ṣe ẹ̀yin lẹ fi síbẹ̀, ó ti ń bá yín tún ojú ṣe láti ọjọ́ tí ẹ ti rà á.