A Tẹ̀lé Ọ̀ṣun Dé Ìbàdàn

Ìgèdè-Èkìtì ni a ti gbéra ní ìdájí, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi tó ń wa ọkọ̀. Ẹni tó bá ń ti Adó lọ sí Ìbàdàn kì í sábà dúró ní Ìgèdè. Ṣùgbọ́n ibẹ̀ ni orísun Ọ̀ṣun wà, èmi ni mo sì bẹ ẹ̀gbọ́n mi pé kí a bá odò náà rìn títí a ó fi wọ ìlú ńlá. Ọ̀ṣun kò tíì tóbi níbẹ̀ rárá. Omi tẹ́ẹ́rẹ́ ni, ó mọ́, ó tutù. Mo bu díẹ̀ bọ́jú, kí n lè rántí rẹ̀ nígbà tí a bá tún pàdé.

A kọjá Aramọkọ, a dé Ìtàwúrẹ́, kùrukùru ṣì bo orí àwọn òkè Ẹ̀fọ̀n. Ní Ẹrin-Ìjẹ̀ṣà a yà wo Olúmirin. Ìpele méje ni omi yìí fi ń já bọ́ látorí àpáta. Ìpele kìíní ni èrò ti pọ̀ jù, torí pé ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ya fọ́tò. A gun dé ìkejì, òkúta ń yọ̀, ẹ̀gbọ́n mi di gbòǹgbò igi mú pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì. Ariwo omi náà pọ̀ débi pé ìfarasọ̀rọ̀ ni a ń bá ara wa sọ.

A ò dúró ní Iléṣà. Òṣogbo ló ń pè mí.

Igbó Ọ̀ṣun tó hẹ́kítà márùndínlọ́gọ́rin, àjọ UNESCO sì ti kà á mọ́ ohun àjogúnbá gbogbo àgbáyé láti ọdún 2005. Bí a ṣe wọ abẹ́ igi ni ooru ìgboro dáwọ́ dúró. Àwọn ọ̀bọ ń fò láti ẹ̀ka dé ẹ̀ka. Àwọn ère ńláńlá tó wà níbẹ̀ ni mo fẹ́ràn jù lọ: apá gígùn, ojú ràgàjì, èéhù tó ti hù sí wọn lára bí aṣọ. Susanne Wenger, tí a mọ̀ sí Àdùnní Olórìṣà, ọmọ ilẹ̀ Austria tó wá sí Nàìjíríà ní 1950, ló kó àwọn oníṣẹ́ ọnà jọ sídìí iṣẹ́ yìí. Bíríkìlà ni Adébísí Àkànjí kó tó di ọ̀kan pàtàkì nínú wọn. Ẹni tó mọ simẹ́ńtì í pò fún ògiri ló wá ń fi í ṣe ara òrìṣà. Ìyẹn wú mi lórí gan-an.

Nígbà tí a dé etídò, mi ò lè sọ̀rọ̀. Omi tí mo fi bọ́jú ní Ìgèdè ti pupa bí ẹrẹ̀ ojú pópó. Àwọn awagóòlù ti ń tú ilẹ̀ lókè odò, ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà, ẹrẹ̀ wọn ló sì ń ṣàn bọ̀. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn olùjọsìn pé kí wọ́n má mu ún. Síbẹ̀ ìyá kan ń bu omi sínú kẹ́ẹ̀gì níwájú wa.

“Ẹ kú iṣẹ́, Mà. Ṣé ẹ máa mu ún ni?”

“Ọmọ mi, Yèyé ni. Ta ni mo fẹ́ tún lọ bá?”

Inú bí mi, kì í ṣe sí ìyá náà. Ìtàn ìlú yìí sọ pé ẹja ni Ọ̀ṣun fi jíṣẹ́ fún ọba, tó tẹ́wọ́ gbà á, ibẹ̀ ni orúkọ Àtàójà ti wá. Títí di òní, ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ pẹja nínú igbó náà. A dá ẹja sí, a wá ba omi rẹ̀ jẹ́.

Ní Ìkirè a ra dòdò, ó dúdú, ata ń jó lẹ́nu, a jẹ ẹ́ tán kí a tó dé Àṣèjírẹ. Odò kan náà ni wọ́n sé níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1970, kí Ìbàdàn lè rí omi mu. Ó tẹ́ lọ salalu. Àwọn oníṣòwò ń na ẹja sókè sí ojú fèrèsé ọkọ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ra àrọ̀ méjì.

Ó ti ń di ìrọ̀lẹ́ nígbà tí a gun Láyípo lórí Òkè Ààrẹ, ilé ìṣọ́ tí wọ́n kọ́ ní 1936, tí àtẹ̀gùn rẹ̀ ń yí po. Òrùlé páànù tó ti dípẹtà tẹ́ lọ káàkiri ìsàlẹ̀, Mapó níhìn-ín, Cocoa House lọ́hùn-ún. Mo wá ipa Ògùnpa láàárín àwọn ilé, omi tó pa ọ̀pọ̀ èèyàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ 1980.

Nígbà tí a délé, àǹtí wa bu omi fún mi. Ó mọ́ gaara, ó ní òórùn oògùn díẹ̀.

“Àǹtí, Ọ̀ṣun rèé o.”

“Ọ̀ṣun wo? Omi ẹ̀rọ nìyẹn.”

Mo gbé ife náà sórí tábìlì, mo bẹ̀rẹ̀ ìtàn láti Ìgèdè.