Ẹ̀jẹ̀ Ọ̀fẹ́ àti Ẹ̀jẹ̀ Títà



Nígbà tí ẹ̀jẹ̀ bá ya lára obìnrin níbi ìkúnlẹ̀, tàbí tí ọkọ̀ bá dànù, dókítà a ní kí ẹbí wá ẹ̀jẹ̀. Nílé, àbúrò àti ẹ̀gbọ́n kì í wọ́n. Lẹ́yìn odi, ẹbí jìnnà. Nítorí náà ni àwọn kan ṣe ń fi owó wá àjèjì, tí wọ́n sì ń pè é ní ọmọ ìyá aláìsàn. Ọ̀pọ̀ ló gbà pé kò sí ibi nínú rẹ̀: ẹnì kan rí owó, ẹnì kejì rí ìyè. Èrò wa yàtọ̀.

Òtítọ́ ni pé ilé ìwòsàn ń yẹ ẹ̀jẹ̀ wò nítorí éèdì àti mẹ́dọ̀wú. Ṣùgbọ́n bí àrùn bá ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ara, àyẹ̀wò lè má tíì rí i. Nígbà náà, òtítọ́ ẹnu ẹni tí ń fúnni lẹ́jẹ̀ ni ààbò aláìsàn. Ẹni tí ó wá ta á lọ́rẹ kò pàdánù ohunkóhun bí ó bá jẹ́wọ́ àìlera rẹ̀. Ẹni tí àìní lé wá yóò pàdánù owó, owó sì lè pa á lẹ́nu mọ́.

Ní 1970, Richard Titmuss, ọ̀mọ̀wé ará ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ṣàlàyé ọ̀rọ̀ yìí nínú ìwé rẹ̀ The Gift Relationship, ó fi ọrẹ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì wé òwò ẹ̀jẹ̀ ní Amẹ́ríkà. Ní 1975, àpéjọ Àjọ Ìlera Àgbáyé rọ gbogbo orílẹ̀-èdè láti gbé ọrẹ àtinúwá lárugẹ. Òfin Ìlera ti 2014 ní Nàìjíríà sì ka gbígba owó lórí ẹ̀jẹ̀ sí ẹ̀ṣẹ̀, àfi owó ọkọ̀ àti irú ìnáwó bẹ́ẹ̀.

Àwọn mìíràn ń bẹ̀rù pé ẹ̀jẹ̀ tí ó bá jáde kì í padà. Ara a máa ṣe tuntun. Ìdí nìyí tí ọkùnrin tí ara rẹ̀ le fi lè fúnni lẹ́yìn oṣù 3, obìnrin lẹ́yìn oṣù 4. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ kì í pẹ́ ju bí ọ̀sẹ̀ 5 tàbí 6 lọ nínú fíríjì. Nítorí náà, ẹ má dúró de ọjọ́ ìpọ́njú.

Ará ìjọ ni ẹbí yín ní àjò. Ẹlòmíràn ni ó gba ọgbọ̀n owó fàdákà lórí Ẹ̀jẹ̀ Olúwa; Olúwa fúnra Rẹ̀ fi í fún wa lọ́fẹ̀ẹ́. Kí Ó fún wa ní ọkàn ọrẹ. Àmín.