Olórí tí kò láàánú, ẹrù ló jẹ́ fún àwọn tó ń darí

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ gbé yẹ̀ wò lónìí kan gbogbo ẹni tó bá ń darí èèyàn, ìbáà jẹ́ ọba, káńsílọ̀, alága ẹgbẹ́ lọ́jà, ọ̀gá tó ní ọmọọṣẹ́ méjì péré tàbí baálé ilé. Ọ̀rọ̀ àánú ni. Àwọn kan gbà pé tí olórí bá láàánú, àwọn tó ń darí á gùn ún lórí. Àwọn mìíràn gbà pé ẹni tí a bá bí àánú mọ́ nìkan ló lè ní in. A kò gbà pẹ̀lú èrò méjèèjì yìí, ẹ̀rí tí a sì ní kò jìnnà sí ibi tí à ń gbé.

Tí ẹ bá gba ọ̀nà tó ti Onitsha lọ sí Enugu, ẹ ó kan Umunya, ọ̀kan lára àwọn ìlú tó wà ní ìjọba ìbílẹ̀ Oyi. Yunifásítì kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní Tansian. Monsignor John Bosco Akam ló dá a sílẹ̀, ọdún 2007 ló sì bẹ̀rẹ̀. Ọ̀pọ̀ nínú wa tó ń gba ọ̀nà yẹn ló mọ orúkọ yunifásítì náà, ṣùgbọ́n tí ẹ bá bi wọ́n pé ta ni Tansi tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pè é, wọn ò ní mọ ohun tí wọn á sọ. Ìtàn ọkùnrin náà ni a fẹ́ fi ṣe àlàyé ọ̀rọ̀ wa.

Ìlú Aguleri, ní ìpínlẹ̀ Anambra yìí, ni wọ́n ti bí i lọ́dún 1903. Iwene ni wọ́n ń pè é. Ìkékúrú orúkọ Ìgbò kan ni, ìtumọ̀ rẹ̀ sì ni pé kí ìbínú ọmọ aráyé má ṣe pa mí. Ọdún 1912 ni wọ́n ṣèrìbọmi fún un, wọ́n sì sọ ọ́ ní Michael. Nígbà tó kàwé tán, ó di tíṣà ní Onitsha níbí, lẹ́yìn náà ló di ọ̀gá ilé ìwé ní Aguleri.

Ìgbà tó ń ṣe iṣẹ́ tíṣà ni ọ̀ràn ńlá ṣẹlẹ̀ sí i. Lọ́dún 1922, wọ́n fẹ̀sùn kan ìyá rẹ̀ pé òun ló fa ikú àwọn èèyàn kan lábúlé, wọ́n sì fún un ní májèlé mu títí ó fi kú. Ẹ rò ó wò. Ọ̀dọ́mọkùnrin tí kò tí ì pé 20 ọdún, tí àwọn ará ìlú rẹ̀ pa ìyá rẹ̀ láìṣẹ̀. Ká ní ó sọ pé òun ò ní bá wọn da nǹkan kan pọ̀ mọ́, ta ló máa bá a wí? Ṣùgbọ́n ọdún 1925 ló wọ ilé ẹ̀kọ́ àwọn fadá ní Igbariam. Ní December 19, 1937, wọ́n fi í joyè fadá ní Onitsha, ó sì padà sáàárín àwọn èèyàn tó jọ àwọn tó ṣẹ̀ ẹ́, ó ń sìn wọ́n.

Ohun àkọ́kọ́ tí a rí kọ́ nìyí. Ìyà lè sọ èèyàn di òǹrorò, ó sì lè sọ ọ́ di aláàánú. Ọwọ́ ẹni tí ìyà jẹ ló wà. Ẹ̀yin náà á ti rí ọ̀gá tó ń lu ọmọ ẹ̀kọ́ṣẹ́ bíi bàrà, tí ẹ bá sì bá a wí, á ní bí ọ̀gá tòun náà ṣe lu òun nìyẹn. Ẹlòmíràn wà tó jẹ pé nítorí lílù tí wọ́n lù ú gan-an ni kò ṣe jẹ́ fọwọ́ kan ọmọ ọlọ́mọ. Ìyà kan náà ni àwọn méjèèjì jẹ, ohun tí wọ́n fi ṣe ló yàtọ̀. Àwọn àgbà wa ní ẹni tó bá mú igi láti fi gún ọmọ ẹyẹ, kó kọ́kọ́ fi gún ara rẹ̀ wò. Iwene ti mọ bí igi ṣe ń dunni, ìdí nìyẹn tí kò fi gún ẹnikẹ́ni.

Láti ọdún 1939 títí dé 1945, Dunukofia ni wọ́n fi ṣe páríṣì rẹ̀. Òun ni fadá àkọ́kọ́ tó máa gbé láàárín wọn. Ẹsẹ̀ àti kẹ̀kẹ́ ló fi ń lọ láti abúlé dé abúlé, nínú òjò àti nínú oòrùn. Ó mọ bí wọ́n ṣe ń fi amọ̀ kọ́lé, ó sì máa ń bá àwọn tí kò ní olùrànlọ́wọ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ́lé. Ó ń jókòó fún ọ̀pọ̀ wákàtí láti gbọ́ ìjẹ́wọ́ àwọn èèyàn. Oúnjẹ tó ń jẹ kò ju ti àwọn tálákà tó ń sìn lọ.

Ẹ wo bí èyí ṣe yàtọ̀ sí àánú tí a ń rí láyé òde òní. Tí ìbò bá kù sí dẹ̀dẹ̀, àwọn olóṣèlú á kó ìrẹsì àti ankárá jáde, àwọn oníròyìn á ya fọ́tò wọn, àwọn obìnrin á jó. Lẹ́yìn ìbò, ilẹ̀kùn tì. Ìyẹn kì í ṣe àánú, òwò ni. Ẹni tó láàánú máa ń sún mọ́ èèyàn débi tó fi mọ ohun tó ń dùn ún. Ẹni tó wọ bàtà ló mọ ibi tó ti ń ta á lẹ́sẹ̀, olórí tí kò bá sì sún mọ́ àwọn tó wọ bàtà, kò lè mọ̀ láéláé.

Ṣùgbọ́n ẹ má rò pé ẹni pẹ̀lẹ́ tí kò lè sọ pé rárá ni Fadá Tansi. Wọ́n mọ̀ ọ́n sí ẹni tó le. Kò gba ìwà ìbàjẹ́ láàyè, ó sì dúró gbọin-gbọin lórí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó, pàápàá bí àwọn ọkùnrin ṣe ń ṣe sáwọn ọmọbìnrin. Ó ṣètò ibi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn ọmọbìnrin tó fẹ́ wọlé ọkọ. Bí ó ti le tó, àwọn èèyàn ń wá a, nítorí wọ́n mọ̀ pé ohun tó ń béèrè lọ́wọ́ wọn, ìlọ́po rẹ̀ ló ń béèrè lọ́wọ́ ara rẹ̀. Bí a bá fi ọwọ́ òsì bá ọmọ wí, à máa fi ọwọ́ ọ̀tún fà á mọ́ra. Olórí tó ní ọwọ́ òsì nìkan, ìkà ni. Èyí tó ní ọwọ́ ọ̀tún nìkan, ọmọ á bàjẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Àánú olórí sì máa ń ràn bí iná. Ọmọdé kan láti Eziowelle wà lára àwọn tí Fadá Tansi ṣèrìbọmi fún, ní November 1, 1941, ọjọ́ tí ọmọ náà pé ọdún 9. Francis Arinze ni orúkọ rẹ̀. Ó di áàṣíbíṣọ́ọ̀bù Onitsha lọ́dún 1967, ọdún tí ogun abẹ́lé bẹ̀rẹ̀. Ogun lé òun fúnra rẹ̀ kúrò ní Onitsha, síbẹ̀ ó ń ṣètò ìrànwọ́ fún àwọn tí ebi ń pa àti àwọn tí kò nílé mọ́. Lọ́dún 1985, ó di kádínà. Ẹni tó gbin àánú sínú ọmọdé kò lè mọ iye èèyàn tó máa jẹ nínú èso rẹ̀.

Lọ́dún 1950, Fadá Tansi lọ sí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ó wọ ilé àwọn mọ́ńkì ní Mount St Bernard, níbi tí wọ́n ti ń pè é ní Cyprian. Ẹni tó ti ń darí ọ̀pọ̀ abúlé wá di ẹni tí wọ́n ń rán níṣẹ́ nínú ọgbà àti níbi tí wọ́n ti ń di ìwé, láàárín àwọn tí àwọ̀ wọn yàtọ̀ sí tirẹ̀, nínú òtútù. Kò ráhùn. January 20, 1964 ló kú ní Leicester. Ní March 22, 1998, Póòpù John Paul Kejì wá sí Oba, lẹ́bàá Onitsha, ó kéde rẹ̀ ní Ẹni Ìbùkún.

Ọ̀rọ̀ ọdún yẹn kan àwa Yorùbá náà. Ìjọba Abacha ló wà lórí àlééfà. Olóyè M.K.O. Abíọ́lá àti Ọ̀gágun Olúṣẹ́gun Ọbásanjọ́ wà ní àhámọ́. Póòpù kò kàn wá gbàdúrà kó sì padà, ó bẹ ìjọba pé kí wọ́n tú àwọn ẹlẹ́wọ̀n òṣèlú sílẹ̀. Abacha kú ní June 8 ọdún náà, wọ́n sì tú Ọbásanjọ́ sílẹ̀ nínú oṣù kan náà. Ọ̀rọ̀ Abíọ́lá kò rí bẹ́ẹ̀, àhámọ́ ló kú sí ní July 7. Ìjọba tí kò láàánú, ohun tó ń bàjẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ kì í ṣe é tún ṣe mọ́.

Ilẹ̀ tiwa náà kò ṣàìní irú olórí bẹ́ẹ̀. Ọ̀gágun Adékúnlé Fájuyì, ọmọ Adó-Èkìtì, ni gómìnà Ìwọ̀-Oòrùn lọ́dún 1966 nígbà tí Ọ̀gágun Aguiyi-Ironsi, ọmọ Ìgbò, wá ṣe àlejò rẹ̀ n'Ìbàdàn. Àwọn ṣọ́jà wá mú àlejò yìí, àwọn méjèèjì ni wọ́n sì jọ pa ní July 29. Títí dòní ni àwọn èèyàn ń ròyìn Fájuyì pé kò fi àlejò rẹ̀ sílẹ̀. Ẹyẹlé kì í bá onílé jẹ, kó bá onílé mu, kó wá dọjọ́ ikú kó yẹrí. Àwa tí à ń gbé lórí ilẹ̀ Ìgbò lónìí, ó yẹ ká rántí èyí, kí àwọn Ìgbò tó ń gbé n'Ìbàdàn àti l'Ékòó náà rántí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ àlejò ni a ti ń mọ olórí tó láàánú, nítorí kò sẹ́ni tí kò lè ṣàánú ọmọ ìyá rẹ̀.

Àánú tún gbọ́dọ̀ ní ètò nínú. Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ kò kàn káàánú ọmọ tálákà, ó bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní January 1955, iye ọmọ tó wà nílé ìwé sì kúrò ní nǹkan bíi 457,000, ó lé ní 811,000. Owó-orí tí wọ́n gbà láti fi ṣe é bí àwọn èèyàn nínú, ó sì wà lára ohun tó mú kí ẹgbẹ́ rẹ̀ pàdánù nínú ìbò àpapọ̀ ọdún 1954. Kò torí èyí yí padà. Àánú tí kò bá ná olórí ní nǹkan kan, ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni.

Nítorí náà, báwo ni èèyàn ṣe ń kọ́ àánú? Ẹ máa lọ síbi tí àwọn èèyàn yín wà, ẹ má dúró dìgbà tí wọ́n bá wá bá yín. Tí ọmọọṣẹ́ bá pẹ́ dé lẹ́ẹ̀mẹta, ẹ bi í léèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ nílé kí ẹ tó lé e, bóyá ara ìyá rẹ̀ ni kò yá. Ẹ san owó òṣìṣẹ́ lásìkò, nítorí kò sí àdúrà tó lè rọ́pò owó ọjà ọmọ ọlọ́mọ. Ẹ̀yin aṣáájú ẹgbẹ́, ẹ jẹ́ kí àpò kan wà fún aláìsàn àti opó, kó má jẹ́ ìgbà tí wọ́n bá kú la ó máa dá owó aṣọ. Ẹni tó bá sì jẹ̀bi, ẹ bá a wí, ṣùgbọ́n ẹ má fi dójú tì í láàárín ọjà.

Kò sí èyí tó le nínú rẹ̀. Díẹ̀díẹ̀ ló ń mọ́ni lára, bí ẹni ń kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Ìgbà tí ẹ bá tún ń kọjá ní Umunya, kí ẹ rántí ọmọ tí wọ́n pa ìyá rẹ̀, tó sì padà wá fi amọ̀ kọ́lé fún aláìní. Àgbà kì í wà lọ́jà, kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀yin àgbà tó wà lọ́jà lónìí, ọmọ wà lẹ́yìn ìyá rẹ̀ o, ẹ bá a gbé orí rẹ̀ dúró.