Ohun tí Ó Ń Fà á tí Fáìlì Kì í Fi Wọ Inú Dísìkì Kejì Kọ̀ǹpútà

Púpọ̀ nínú àwọn kọ̀ǹpútà alágbèéká tí ó wà lọ́wọ́ wa ní ìgbèríko Ìbàdàn jẹ́ tòkunbọ̀. Nígbà tí wọ́n bá dé, dísìkì kan ṣoṣo ni ó sábà máa ń wà nínú wọn. Bí èyí bá kún, àwọn tí ń tún kọ̀ǹpútà ṣe a yọ ẹ̀rọ tí ń ka àwo síìdì kúrò, wọn a sì ti dísìkì mìíràn bọ àyè rẹ̀. Windows ń pe ti àkọ́kọ́ ní C. D ni ó sábà máa ń pe èkejì. Inú D yìí ni ènìyàn ń kó àwòrán, fídíò, orin àti ìwé rẹ̀ sí.

Nígbà mìíràn a ó fẹ́ kó fáìlì sí i, yóò kọ̀, tàbí kí ó bẹ̀rẹ̀ kí ó sì dúró láàrin ọ̀nà. Ohun tí àwọn ènìyàn máa ń kọ́kọ́ sọ ni pé dísìkì náà ti bàjẹ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, kò bàjẹ́ rárá.

Irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ ní ilé wa ní Ìrókò, ní Ìjọba Ìbílẹ̀ Akínyẹlé, lójú ọ̀nà tí ó ti Ìbàdàn lọ sí Ọ̀yọ́. Ní ọjọ́ kan, bàbá wa àgbà mú wa yí oko ẹbí wa po. Wọ́n ń tọ́ka sí àwọn igi pèrègún àti akòko tí ó jẹ́ ààlà láàrin àwa àti àwọn tí oko wọn bá tiwa pààlà, wọ́n sì ń dárúkọ ẹni tí ó gbin ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀gbọ́n mi fi fóònù ya gbogbo rẹ̀ ní fídíò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Wákàtí kan ààbọ̀ ni fídíò náà, ó sì tó gígábáìtì 11. Láti ìgbà náà, ẹsẹ̀ dídùn kò jẹ́ kí bàbá lè dé oko mọ́. Nígbà tí gíláàsì fóònù náà fọ́, tí ó sì ń kú lójijì, a sáré láti kó fídíò náà sínú kọ̀ǹpútà. C ti kún. A kọjú sí D, ó kọ̀. Kọ̀ǹpútà ní fáìlì náà tóbi jù fún ibi tí a fẹ́ kó o sí, bẹ́ẹ̀ ni òun náà ni ó ń fi hàn wá pé gígábáìtì 300 ṣófo níbẹ̀!

Bàbá mi gbé e lọ bá ọkùnrin kan ní Ìbàdàn. Ó wò ó fìrí, ó ní, ‘Ẹ̀yin bàbá, dísìkì yìí ti lọ. Ẹ jẹ́ kí n fọ́ọ̀màtì rẹ̀ fún yín, bí kò bá gbọ́, ẹ ó ra òmíràn.’ Kí á fọ́ọ̀màtì dísìkì ni kí á pa gbogbo ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́, kí ó lè bẹ̀rẹ̀ bí tuntun. Àwòrán ìsìnkú ìyá wa àgbà wà nínú D, kò sì sí ẹ̀dà rẹ̀ níbòmíràn. Bàbá mi dúpẹ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, wọ́n sì gbé kọ̀ǹpútà wọn padà sí ilé.

Ohun tí ó fà á nìyí. Gbogbo dísìkì ni ó ní ìwé àkọsílẹ̀ tirẹ̀, níbi tí ó ń kọ orúkọ fáìlì kọ̀ọ̀kan sí, bí ó ti tóbi tó, àti ibi tí ó wà. Ọ̀nà tí wọ́n ń gbà kọ ìwé yìí ju ẹyọ kan lọ. Ilé iṣẹ́ Microsoft gbé èyí tí a ń pè ní NTFS jáde ní 1993, wọ́n gbé FAT32 jáde ní 1996, exFAT sì tẹ̀lé e ní 2006. Nínú FAT32, àyè tí wọ́n fi sílẹ̀ fún kíkọ ìwọ̀n fáìlì kan kò lè gba iye tí ó ju báìtì 4,294,967,295 lọ, èyí tí ó jẹ́ bíi gígábáìtì 4. Ẹ jẹ́ kí á fi í wé alájọ kan tí ìlà kọ̀ọ̀kan nínú ìwé rẹ̀ kò gbà ju nọ́ńbà 4 lọ. Náírà 9,999 ni iye tí ó lè kọ sí orúkọ ẹnì kan mọ. Bí ènìyàn kan bá mú náírà 10,000 wá, kò ní ibi tí yóò kọ ọ́ sí, bí àpò rẹ̀ tilẹ̀ ṣófo. Ṣùgbọ́n bí 20 ènìyàn bá mú 5,000 wá lọ́kọ̀ọ̀kan, yóò gba gbogbo rẹ̀. Ìdí nìyí tí àwòrán àti orin fi ń wọ inú D wa láìsí wàhálà, tí fídíò oko nìkan kò wọ̀ ọ́. Ẹni tí ó lo dísìkì náà ṣáájú wa ni ó ṣètò rẹ̀ bẹ́ẹ̀ kí ó lè máa fi í wo fíìmù lórí tẹlifíṣọ̀n rẹ̀.

Láti mọ irú èyí tí ó wà lórí dísìkì, kí á fi bọ́tìnì ọ̀tún máòsì tẹ àmì D, kí á yan Properties, kí á sì wo ohun tí wọ́n kọ síwájú File system. Bí ó bá jẹ́ FAT32, àṣẹ kan wà nínú Windows tí a ń tẹ̀ báyìí: convert D: /fs:ntfs. Yóò sọ FAT32 di NTFS, kò sì ní pa ohun tí ó wà nínú rẹ̀ rẹ́. Síbẹ̀, iná kò gbọdọ̀ lọ nígbà tí ó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni tẹ̀ ẹ́ láìjẹ́ pé ó ti kó ẹ̀dà àwọn ohun tí ó ṣe pàtàkì sí ibòmíràn ná.

Ìdí mìíràn tún wà, ọ̀rọ̀ tí kọ̀ǹpútà bá sọ ni yóò sì tọ́ka sí i. Nítorí náà kí á kọ ọ́ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ bí ó ti sọ ọ́ kí á tó tẹ OK. Bí ó bá ní a kò ní àṣẹ, ó lè jẹ́ pé inú kọ̀ǹpútà ẹlòmíràn ni a ti yọ dísìkì náà wá. NTFS máa ń kọ orúkọ ẹni tí ó ni fáìlì sílẹ̀. Ẹni tí ó jẹ́ alábòójútó kọ̀ǹpútà lè wọ Properties, kí ó yan Security, kí ó sì sọ ara rẹ̀ di olóhun. (Mo ti rí dísìkì tòkunbọ̀ tí àwòrán ọmọ àti ìyàwó olóhun rẹ̀ àtijọ́ ṣì kún inú rẹ̀. Èmi kò rò pé ó yẹ kí á máa tú irú wọn wò.) Bí ó bá ní orúkọ fáìlì gùn jù, ó lè jẹ́ pé fódà wà nínú fódà, òmíràn sì tún wà nínú ìyẹn, Windows kì í sábà gbà kí gbogbo orúkọ wọn pọ̀ ju lẹ́tà 260 lọ. Kí á gé orúkọ wọn kúrú.

Bí kò bá kọ̀, ṣùgbọ́n tí ó ń fà bí ìgbín, ó lè jẹ́ pé fáìlì wẹ́wẹ́ ni ó pọ̀ jù. Gbígbé àpò àgbàdo kan sínú ọkọ̀ yá ju kíkó ẹgbẹ̀rún ṣírí àgbàdo síbẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan lọ. Kí á kọ́kọ́ di wọ́n pọ̀ sínú fáìlì kan.

Ti iná ni ó burú jù ní ọ̀dọ̀ wa. Láti 2013 ni iṣẹ́ pípín iná ti bọ́ sọ́wọ́ àwọn ilé iṣẹ́ aládàáni, ṣùgbọ́n NEPA náà ni gbogbo wa ṣì ń pè é, ó sì ń lọ nígbà tí ó bá wù ú. Bátìrì ọ̀pọ̀ tòkunbọ̀ ti kú. Bí a bá lo Cut láti ṣí ọgọ́rùn-ún fáìlì nípò láti C lọ sí D, tí iná sì lọ, apá kan yóò ti dé ọ̀hún, apá kan yóò wà níhìn-ín, èyí tí ó wà lójú ọ̀nà sì lè bàjẹ́. Copy ni kí á lò. Kí á ṣí fáìlì náà wò ní D, kí á wò ó bí ìwọ̀n méjèèjì bá dọ́gba, kí á tó pa ti C rẹ́.

Bí D bá ń farahàn tí ó sì ń pòórá, kí á pa kọ̀ǹpútà, kí á yọ dísìkì náà, kí á nu eruku ẹnu rẹ̀, kí á tún un kì bọ̀ ọ́ dáadáa. Bí kò bá dúró síbẹ̀, kí á fi dísìkì mìíràn tí a mọ̀ pé ó dára sí àyè kan náà. Bí ìyẹn náà bá ń pòórá, ó lè jẹ́ pé àpótí pẹlẹbẹ tí ó gbé dísìkì dúró ni ó bàjẹ́, owó rẹ̀ kò sì tó ti dísìkì rárá. Ṣùgbọ́n bí a bá gbọ́ tí dísìkì ń dún kọ̀, kọ̀, kọ̀, ìgbà yìí ni ó ń kú lóòótọ́. Kí á má ṣe jẹ́ kí Windows bẹ̀rẹ̀ sí í yẹ̀ ẹ́ wò láti tún un ṣe, nítorí iṣẹ́ ńlá ni èyí jẹ́ fún un. Ohun tí ó ṣọ̀wọ́n jù ni kí á kọ́kọ́ kó jáde, lẹ́yìn náà kí á pa á.

Ní ti D wa, olùkọ́ kan ní àdúgbò ni ó yá wa ní dísìkì tí a kó ẹ̀dà àwòrán ìsìnkú sí. Nígbà tí iná dé ní alẹ́, a wá kọ̀ǹpútà tí bátìrì rẹ̀ dára, a ti dísìkì wa bọ̀ ọ́, a sì tẹ àṣẹ náà. Kò pẹ́ tí ó fi parí, fídíò oko sì wọlé. Bàbá wa àgbà jókòó tì wá, wọ́n ń wo ara wọn nínú fídíò náà. Nígbà tí ó kù díẹ̀ kí ó parí, wọ́n ní kí á dá a dúró: pèrègún kan wà lẹ́bàá odò tí àwọn gbàgbé láti tọ́ka sí.