Ẹkùn Méjì àti Ọ̀pẹ Kan: Ṣé O Mọ̀ Ohun Tí Àmì Ìlú Ń Wí?

Ṣé o mọ̀ pé ẹkùn méjì ló ń bá ọmọ orílẹ̀-èdè Benin rìnrìn àjò? Wo àmì tó wà lára páásípọ́ọ̀tù wọn: ẹkùn aláwọ̀ wúrà, alámì tótòtó, ọ̀kan lọ́tùn-ún, ọ̀kan lósì, asà ńlá kan láàárín wọn. Àgbẹ̀ tó gbéra ní Adja-Ouèrè láti lọ kí àna rẹ̀ ní Nàìjíríà, ẹkùn méjì ló kì sápò yẹn, bó bá jẹ́ ẹni tó máa ń rántí mú ìwé dání. Nígbà tó bá dé ẹnubodè, ẹṣin funfun méjì ló máa pàdé, pẹ̀lú ẹyẹ idì pupa tó bà sórí asà dúdú. Ilẹ̀ kan náà ni, àwọn ènìyàn kan náà ni, èdè kan náà ni wọ́n sì fi ń kí ara wọn kú àárọ̀. Ẹranko tó ń ṣọ́ wọn ló yàtọ̀.

Ṣé o mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ni àmì yẹn nínú òfin, kì í ṣe àwòrán? Ìwé òfin ilẹ̀ Benin ti ọjọ́ 11 oṣù Kejìlá ọdún 1990 to gbogbo rẹ̀ lẹ́sẹẹsẹ ní abala kìíní gan-an. Asà náà pín sí mẹ́rin. Ilé àwọn Somba, aláwọ̀ wúrà, ni ti àkọ́kọ́. Ìràwọ̀ Benin ẹlẹ́nu mẹ́jọ ni ìkejì. Ọ̀pẹ tútù pẹ̀lú èso pupa ni ìkẹta. Ọkọ̀ dúdú lórí òkun aláwọ̀ aró ni ìkẹrin. Igun mẹ́rin pupa kan jókòó sí oríta tí mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ti pàdé. Ìwo méjì dúdú wà lókè, àgbàdo ń yọ jáde nínú wọn. Ọ̀rọ̀ mẹ́ta wà nísàlẹ̀ lédè Faransé: ìfẹ́ ará, òdodo, iṣẹ́.

Ṣé o mọ̀ pé àmì yìí ti fìgbà kan sùn fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún? Ayé Dàhòmì ni wọ́n gbé e kalẹ̀, ní 1964. Nígbà tí ìjọba Mathieu Kérékou yí orúkọ ìlú padà sí Benin ní ọjọ́ 30 oṣù Kọkànlá 1975, ẹkùn àti ọ̀pẹ lọ sí àjà, àsíá náà di aláwọ̀ ewéko látòkè délẹ̀ pẹ̀lú ìràwọ̀ pupa kan ní igun. Ọdún 1990 ni wọ́n tó gbé wọn sọ̀ kalẹ̀ padà.

Ṣé o mọ̀ pé ohun tó jọ ti ìbílẹ̀ jù lórí asà náà ló ti ọ̀nà jíjìn wá jù? Ìwo tó ń tú oúnjẹ dà yẹn, ìtàn àwọn ará Gíríìkì ló bí i: ìwo ewúrẹ́ Amalthea tó fún Zeus lọ́mú. Àgbàdo inú rẹ̀ ńkọ́? Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ló ti wá, àwọn ọlọ́kọ̀ òyìnbó ló sì gbé e dé etíkun wa. Ó ti wọ̀ wá lára débi pé ẹni tó bá sọ fún àgbẹ̀ Massè tàbí Kpoulou pé àlejò ni àgbàdo, yóò kọ́kọ́ gba èébú kí ó tó gba omi mu.

Ilé Somba, ṣé o ti rí i rí? Òkè ilẹ̀ Benin ló wà, ní ẹkùn Atacora, lọ́wọ́ àwọn Batammariba, tí àwọn ẹlòmíràn ń pè ní Somba. Ilé amọ̀ alájà méjì ni, pẹ̀lú ilé ìṣọ́ róbótó róbótó lára ògiri. Ẹran ń sùn nísàlẹ̀, ènìyàn ń sùn lókè, àká ọkà sì wà lórí òrùlé. UNESCO ka apá ilẹ̀ wọn tó wà ní Togo mọ́ ohun ìní àgbáyé ní 2004, wọ́n sì fi apá ti Benin kún un ní 2023. Nínú àmì àwọn ọlọ́lá Yúróòpù, ilé olódi òkúta àwọn ọba ló sábà máa ń wà níbẹ̀. Ilé àgbẹ̀ ni Benin fi sí tirẹ̀, mo sì kan sáárá sí ẹni tó mú ìmọ̀ràn náà wá.

Ṣé o mọ̀ pé ọba Porto-Novo ló ni ìràwọ̀ ìkejì yẹn? Ọba Toffa, tó jọba níbẹ̀, ní Àjàṣẹ́ wa, láti 1874 títí dé 1908, dá oyè Ìràwọ̀ Dúdú sílẹ̀ ní ọjọ́ 1 oṣù Kejìlá 1889, kí ó lè máa fi bu ọlá fún àwọn tó bá ṣe ohun ribiribi. Kò pẹ́ tí àwọn Faransé fi sọ ọ́ di tiwọn: wọ́n so ó mọ́ àyà ọ̀gágun àti òṣìṣẹ́ ìjọba kiri gbogbo ibi tí wọ́n ti ń jẹ gàba, títí di 1963 tí ìjọba de Gaulle fi oyè mìíràn rọ́pò rẹ̀. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Dàhòmì yọ ìràwọ̀ sórí asà tirẹ̀. Bóyá wọ́n dìídì ṣe é bẹ́ẹ̀ ni o, bóyá ó kàn ṣe kòńgẹ́ ni o, ó dára lójú mi pé ohun tí wọ́n gbà lọ́wọ́ ọba padà sílé.

Ṣé o mọ̀ pé ìdá kan nínú asà yẹn ń hù lẹ́yìnkùlé ní Adja-Ouèrè? Ìdá kẹta ni mò ń wí. Gbogbo ẹkùn Plateau yìí, láti Sakété dé Pobè, ilẹ̀ ọ̀pẹ ni, àní ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ wà ní Pobè láti 1922. Lórí asà, ayàwòrán fi èso pupa sí i, ó parí. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tí èso náà jẹ́, kí ó dúró ti àwọn ìyá tó ń fọ epo ní Oko-Akaré. Odi ẹyìn kan wúwo tó láti da ọ̀dọ́kùnrin láàmú, ẹ̀gún rẹ̀ kò sì mọ ojú ẹnikẹ́ni. Wọ́n á já ẹyìn kúrò lára rẹ̀, wọ́n á sè é, wọ́n á gún un, wọ́n á fi omi pò ó títí epo yóò fi léfòó. Ìhá tó kù di ohun ìdáná. Ekùrọ́ di àdín. Ẹmu tó bá kan di ọtí líle sódàbí, èyí tí òfin amúnisìn lé títí tí ó sì rẹ òfin náà. Imọ̀ di òrùlé, ọ̀wá di ìgbálẹ̀, ikin sì wà lọ́wọ́ babaláwo. Ayàwòrán ì bá ya ọ̀pẹ yẹn gba gbogbo asà, kò sí ará Adja-Ouèrè tí yóò bá a jà.

Ọkọ̀ ojú omi wàyí. Àwọn olùkọ́ máa ń sọ fún ọmọ ilé ìwé pé ó dúró fún ọjọ́ tí òyìnbó dé. Wọ́n dé lóòótọ́. Ta ló wà nísàlẹ̀ ọkọ̀ nígbà tó ń padà lọ? Ìjọba ọba Dàhòmì, tí Abomey jẹ́ olú ìlú rẹ̀, gba Ouidah ní 1727 lábẹ́ ọba Agadja, ẹni tí òun náà fi ọkọ̀ òyìnbó ṣe àmì ara rẹ̀, àwọn Nàgó, Yorùbá ilẹ̀ yìí, tí ogun Abomey kó sì wà lára àwọn tí wọ́n tà gba etíkun yẹn. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń pe àwọn ọmọ wa ní Nagô ní Brazil, tí ilé òrìṣà ní Bahia sì ń pe ara rẹ̀ ní Ketu títí dòní. Mi ò ní kí wọ́n pa ọkọ̀ náà rẹ́. Mo ní kí ẹni tó ń ṣàlàyé rẹ̀ fún ọmọdé má ṣe dúró lórí omi, kí ó wọ inú ọkọ̀ lọ.

Ṣé o mọ̀ pé ọba kọ̀ọ̀kan ní Abomey ló ní àmì tirẹ̀, tí ó sì máa ń ti inú ọ̀rọ̀ ìjìnlẹ̀ kan jáde? Huegbadja: ẹja àti ìgèrè. Tegbessou: ẹfọ̀n tó wọ ẹ̀wù. Agonglo: ọ̀pẹ̀yìnbó. Glèlè: kìnnìún. Béhanzin: ẹja ekurá àti ẹyin. Ti Ghézo ló gbọ́n jù lójú mi: ìkòkò onihò wẹ́wẹ́, tí omi kò lè dúró nínú rẹ̀ àfi bí gbogbo ọmọ ìlú bá fi ìka dí ihò. Ọ̀rọ̀ dídùn ni, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ìka Nàgó kò sí lára àwọn tí wọ́n pè. Ère igi Glèlè tó ní orí kìnnìún àti ti Béhanzin tó ní ara ẹja ekurá wà lára ẹrù 26 tí ilẹ̀ Faransé dá padà ní oṣù Kọkànlá 2021.

Ṣé o mọ̀ pé èdìdì ìjọba Benin yàtọ̀ sí asà rẹ̀? Róbótó ni, ó fẹ̀ ní mìlímítà 120. Ọkọ̀ ọlọ́pọ́n wà lójú rẹ̀, ìràwọ̀ 6 nínú ọkọ̀ náà, ọrun àti ọfà méjì lókè, pẹ̀lú ọ̀pá àṣẹ méjì irú èyí tí ìránṣẹ́ ọba Dàhòmì máa ń mú dání kí àwọn ènìyàn lè mọ̀ pé ọ̀rọ̀ ọba ló gbé wá. Bí iye ìràwọ̀ yẹn, ẹkùn ìjọba 6 ni ilẹ̀ Benin pín sí títí òfin 1999 fi sọ wọ́n di 12. Ìgbà náà ni Plateau, tí Adja-Ouèrè wà nínú rẹ̀, kúrò lára Ouémé. Ìràwọ̀ ṣì jẹ́ 6.

Ṣé o mọ̀ pé ojú bíbò ló bí asà alámì nílẹ̀ Yúróòpù? Ọ̀rúndún kejìlá ni. Akíkanjú orí ẹṣin wọ àṣíborí irin tó bo ojú, ọ̀tá kò mọ̀ ọ́n, ọ̀rẹ́ kò mọ̀ ọ́n, ó wá di dandan kí ó ya nǹkan sára asà rẹ̀. Àwọ̀ rẹ̀ sì ní òfin: wúrà àti fàdákà kì í gun ara wọn, pupa kì í jókòó sórí dúdú, kí ojú lè rí i láti òkèèrè. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pẹ, ìràwọ̀ àti ọkọ̀ Benin fi wà lórí fàdákà.

Àwa ńkọ́? Ojú gan-an la ya tiwa sí. Pélé ni ilà mẹ́ta tó dúró ṣánṣán lẹ́rẹ̀kẹ́. Àbàjà ni èyí tó dùbúlẹ̀. Gọ̀m̀bọ́ sì tẹ̀ kọrọdọ. Àwọn Ọ̀họ̀rí, tí ilẹ̀ wọn bá ti Adja-Ouèrè pààlà, kò fi mọ sójú: ikùn àti ẹ̀yìn obìnrin wọn máa ń gba iṣẹ́ ọnà tí olóòlà yóò fi ọ̀bẹ kọ díẹ̀díẹ̀. Ó dùn ún wò, ó dun ẹni tó ru ú pẹ̀lú. Ní Nàìjíríà, òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé ti 2003 ti ní kí ẹnikẹ́ni má ṣe kọlà sára ọmọ mọ́.

Èyí tí òfin kankan kò lè dá dúró ni èyí tó wà lẹ́nu. Ṣé o mọ̀ pé ìran kọ̀ọ̀kan ló ní orílẹ̀, àwọn kan ń jẹ́ ti erin, àwọn kan ti àgbò, àwọn kan ti òpó, tí ará Ọ̀fà sì ń fi ọ̀kín yangàn? Àlùfáà Samuel Johnson kọ ọ̀rọ̀ wọn sínú ìwé ìtàn rẹ̀ tó jáde ní 1921, ó sì sọ pé obìnrin kì í gba orílẹ̀ ọkọ: ti bàbá rẹ̀ ni yóò máa jẹ́ títí lọ. Ní England, ẹnì kan ló ni asà. Bí bàbá bá wà láyé, àkọ́bí ọkùnrin gbọ́dọ̀ fi àmì kékeré kún un kí wọ́n má baà ṣi òun àti bàbá mú. Orílẹ̀ kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà tó ń ki ọmọ-ọmọ rẹ̀ láàárọ̀, tí ọmọ náà ń rẹ́rìn-ín tí kò tíì fọ ojú, asà ìdílé ló gbé lé e lọ́wọ́ yẹn, kò san kọ́bọ̀ fún ayàwòrán.

Eré agọ̀ Gẹ̀lẹ̀dẹ́ ńkọ́? Kétou, níhìn-ín ní Plateau, ni ọ̀pọ̀ ìtàn tọ́ka sí gẹ́gẹ́ bí orírun rẹ̀, UNESCO sì kéde rẹ̀ ní 2001. Orí agọ̀ rẹ̀ náà ń ru àmì: ejò tó gbé ẹyẹ há ẹnu, aláǹtakùn, onímọ́tò, alùpùpù. Àmì ìjọba ń yin ẹni tó ni ín. Gẹ̀lẹ̀dẹ́ lè bú ọ lójú agbo kí o sì tún ná an lówó.

Ṣé o mọ̀ pé Amon Kotei ló ya ti Ghana ní 1957? Pé kìnnìún méjì tó wà lára ti Togo mú ọrun àti ọfà dání bí ọdẹ? Pé àwọn ìjọba ìpínlẹ̀ gúúsù ìwọ̀ oòrùn Nàìjíríà náà fi orúkọ Àmọ̀tẹ́kùn pe ẹgbẹ́ aláàbò wọn ní oṣù Kìíní 2020? Ẹkùn kò rí ìsinmi.

Èyí tó kù wà nínú àpò rẹ bí o bá ń ná ọjà ní Ikpinlè. Yẹ owó sẹ́fà wò, bébà tàbí ẹyọ 100. Ẹja kan wà níbẹ̀ tí ẹnu rẹ̀ gùn bí ayùn: àmì báńkì àgbà àwọn orílẹ̀-èdè tó ń ná sẹ́fà ní Ìwọ̀ Oòrùn Áfíríkà, tí wọ́n yà láti ara ohun tí àwọn Akan fi ń wọn wúrà láyé àtijọ́. Ó dúró fún ọrọ̀. Ẹja náà fúnra rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán pátápátá ní etíkun wa, àwọ̀n apẹja ló ṣe é. Iye tó wà nínú tòbí ìyá alátà kan ṣoṣo yóò pọ̀ ju èyí tí apẹja Kútọnu yóò rí láyé rẹ̀ lọ.